Géètì Tó Kọjú sí Ọ̀sà

Ọ̀nà mẹ́ta ló jáde ní Ìyàrá ní ọdún 1953, dògarí sì jókòó sẹ́nu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń wé láwàní tí ń gbé kóńdó rìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Josiah ni wọ́n ti dó ti ìlú bí ẹni dó ti odi. Obìnrin tó ru iṣu, wọn á ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́, wọn á bi í pé ta ló rán an. Àwọn àgbà tó rántí ìtàn baba wọn ní kò yàtọ̀ sí ayé àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹṣin, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá láti inú ilé.

Ohun tí Josiah ṣe kò ju pé ó dìde ní ìpàdé, ó ní kí ìjọba bi àwọn ará Òkun, Yorùbá agbègbè Ìyàrá, léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ wà, Àríwá tàbí Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n sì yéé na àgbàlagbà lójú ọmọ rẹ̀. Adájọ́ ní ó ń da ìlú rú. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù ú sí, wọ́n sì ní bí oṣù bá ti lé, àwọn yóò kó o lọ sí ẹ̀wọ̀n mìíràn lókè lọ́hùn-ún, lẹ́bàá aṣálẹ̀. Josiah kì í ṣe ọmọdé mọ́. Àyà ń dùn ún, ikọ́ kì í jẹ́ kó parí gbólóhùn kan. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé tó bá dé ọ̀hún, òkú rẹ̀ pàápàá kò ní padà wálé. Gómìnà tó wà ní Èkó nìkan ló lè dá a dúró. Ìlú ti ránṣẹ́ lọ, ìlú ti tún ránṣẹ́ lọ, bí ẹni sọ òkúta sómi ni.

Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi gun òkè lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, ọkọ́ lọ́rùn, bí ẹni ń lọ bá ara wọn ṣe ọ̀wẹ̀ oko kọfí. Ọlábímtán ló kó wọn lọ. Àbúrò Josiah ni, ọmọ ìyá kan náà. Ó ti jagun ní Bọ́mà, ó sì padà wálé pẹ̀lú mẹ́dà mẹ́ta, àmì ẹ̀yẹ ogun, àti àpá kan tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá bí ojú ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì ni tàgbà tèwe ń pè é. Ibi tó yàn fún ìpàdé náà ni àpáta tí àwọn baba ńlá wọn máa ń sá sí nígbà ogun, tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ ń rí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Olóyè Ọláníran, àgbà tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Irun rẹ̀ funfun bí òwú tó là lóko. Kó tó lanu, ọkùnrin kan ti ń kì í:

"Ọláníran, erin tí í fẹsẹ̀ lànà fọ́mọ rẹ̀! Àgbà tí í jókòó tí ìjà í sùn!"

"Ẹ̀yin ọmọ Ìjùmú, okun o," ni bàbá náà fi kí wọn.

"Okun!" ni wọ́n fi dáhùn.

"Ẹnu ló ń pa ìlú. Kí á tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á fi ẹnu wa lé ara wa lọ́wọ́."

Ó yọ àdá láti inú àkọ̀, ó fi eyín gé e, ó ní bí òun bá sọ ohun tí àwọn sọ lórí àpáta yìí fún dògarí, kí irin jẹ òun. Àwọn onígbàgbọ́ búra pẹ̀lú Bíbélì, àwọn mùsùlùmí búra pẹ̀lú Kùránì. Ìgbà tó kan Babátọ́pẹ́, ó gba Bíbélì, ó búra kíákíá, ó sì dá a padà. Ó yá jù lójú Ọlábímtán.

Babátọ́pẹ́ yìí, ọmọ ìlú ni, òun àti Ọlábímtán ni wọ́n jọ lọ sógun. Nígbà tí ogun parí, òun kò padà sóko. Ó di ọlọ́pàá ní Èkó, wọ́n sì fi í ṣọ́ ilẹ̀ ìjọba, níbi tí Gómìnà àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń gbé. Ìsinmi ló bá wálé. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Josiah, òun fúnra rẹ̀ ló ní ọ̀nà wà.

"Babátọ́pẹ́," ni Ọláníran wí, "ìwọ lò ń gbé ẹnu ihò ẹkùn. Sọ bí ó ti rí fún wa."

"Baba, kì í ṣe ilé kan. Ìlú ni nínú ìlú." Babátọ́pẹ́ mú igi, ó sì ń fà á nílẹ̀. "Odi àti wáyà ló yí i ká níhìn-ín, ọ̀sà ló wà lápá ọ̀hún. Títì ibẹ̀ mọ́ débi pé ewé kan kò lè já sílẹ̀ kí wọ́n má bi í pé ibo ló ti wá. Ṣọ́jà ló wà ní géètì ńlá. Ajá wà. Èèyàn dúdú tí kì í bá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí alágbàfọ̀, kò gbọdọ̀ rìn níbẹ̀. Ẹ lè dúró síwájú géètì títí ẹsẹ̀ yín ó fi hu gbòǹgbò, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín pé kí lẹ fẹ́."

"Báwo wá ni a ó ṣe wọlé?" ni ọkùnrin kan bèèrè.

"Ọ̀nà wà. Ẹni tí yóò lọ nìkan ni n ó sọ ọ́ fún."

Ọlábímtán ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà tuntun tó ń dán nínú erùpẹ̀ ọyẹ́. Ìjọba kì í fi irú bàtà bẹ́ẹ̀ wọ ẹni tí kò wúlò fún un. Ó sì rántí pé ọjọ́ kejì tí Babátọ́pẹ́ wọ̀lú ni dògarí tú ilé Josiah yẹ́bẹyẹ̀bẹ. Ohun mìíràn tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní Bọ́mà, létí odò Kaladan, àwọn Japaníìsì ká wọn mọ́ inú oparun, wọ́n pa èèyàn, Babátọ́pẹ́ sì sọnù. Nígbà tó padà, ikùn rẹ̀ kò jin, aṣọ rẹ̀ kò ya. Ó ní àwọn ará abúlé ló fi òun pamọ́. Ọ̀gá wọn gbà á gbọ́. Ọlábímtán kò gbà á gbọ́, kò sì sọ pé òun kò gbà á gbọ́.

Ìgbìmọ̀ yan èèyàn méjì: Ọlábímtán, nítorí ó mọ ogun, àti Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó Josiah. Oníṣòwò aṣọ òkè ni obìnrin náà. Ó máa ń ra aṣọ pupa àwọn Bùnù, á sì rù ú kiri títí dé Èkó, kò sí ibi tí ọ̀nà ti yà tí kò mọ̀. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, Ìyá Martha.

Nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀ kalẹ̀, Babátọ́pẹ́ pe àwọn méjèèjì sẹ́yìn àpáta.

"Géètì kékeré kan wà tó kọjú sí ọ̀sà," ni ó wí. "Ibẹ̀ ni àwọn alágbàfọ̀ ń gbà wọlé láàárọ̀. Èmi ni n ó wà níbẹ̀. Kí Ìyá Martha ru aṣọ, kó tẹ̀lé àwọn alágbàfọ̀. Ọ̀gá kan wà nínú ilé kẹta, akọ̀wé àgbà fún Gómìnà ni. Kó tó wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń dúró mu sìgá lójú agbo ilé rẹ̀. Ó ń fetí sílẹ̀, mo ti rí i. Ìwọ Sájẹ́ǹtì, dúró lóde. Ojú rẹ ti le jù."

"O ṣeun," ni Ọlábímtán wí.

"Ọ̀la ni mò ń padà. Ọ̀nà wo lẹ ó gbà tẹ̀lé mi?"

Ọlábímtán kò ṣẹ́jú. "Inú igbó ẹ̀yìn Ifẹ̀-Olúkòtún ni a ó gbà, kí á fi Egbe jáde."

Nígbà tí Babátọ́pẹ́ ti lọ, Kíkẹ́lọmọ yíjú sí i. "A kò jọ sọ bẹ́ẹ̀. Ògìdì la ní a ó gbà."

"Ògìdì náà la ó gbà."

"Kí lẹ wá ṣe purọ́ fún un?"

"Ìyá Martha, ẹni tó bi ẹran léèrè ọ̀nà omi, kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Obìnrin náà wò ó títí. "Òun náà kọ́ ló sọ ọ̀nà tirẹ̀ fún yín ni?"

Ọlábímtán gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́rùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n jáde kí oòrùn tó yọ, wọ́n gba ẹ̀yìn Ògìdì, wọ́n sì ń gun òkè tọ̀ òkè. Kíkẹ́lọmọ ru aṣọ rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi jọ ẹni tó ń ná ọjà. Ọlábímtán ń rìn lẹ́yìn, ó fi mẹ́dà rẹ̀ sínú àpò ìyẹ̀fun gbágùúdá. Bó ti ń rìn ni etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ìgbà tó wà ní Bọ́mà. Ẹyẹ tó bá dákẹ́, ó dúró. Àgbẹ̀ tó bá kí wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ ọ̀nà. Nígbà kan tí wọ́n rí ẹsẹ̀ bàtà nínú ẹrẹ̀, ó mú kí wọ́n ba sínú koríko títí oòrùn fi kanrí. Ọdẹ kan ló kọjá, tó ń kọrin fún ara rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì," ni Kíkẹ́lọmọ wí, ó ń gbọn koríko kúrò lára, "ogun tí ẹ lọ yẹn, ṣé ẹ ti bọ̀ níbẹ̀?"

Wọ́n kọjá ààlà bọ́ sí ilẹ̀ Àkókó, níbi tí àṣẹ dògarí kò dé. Lọ́jà Ìkàré, wọ́n bá obìnrin kan tí òun àti Kíkẹ́lọmọ jọ ń ná ọjà. Bó ti rí wọn ló patẹ́wọ́.

"Háà! Ẹ̀yin lẹ dúró yìí? Dògarí kún ẹ̀yìn Ifẹ̀-Olúkòtún fọ́fọ́! Wọ́n ń tú ẹrù gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní obìnrin aláṣọ pupa kan ni àwọn ń wá, àti ọkùnrin tó lápá lẹ́rẹ̀kẹ́."

Ara Ọlábímtán tutù nini. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Bí ẹni tó ti ń gbé ẹrù kan láti Bọ́mà, tó wá rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ ni.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ̀nà yẹn fún," ni ó wí.

"Ẹnì kan ṣoṣo lẹ sọ ọ́ fún," ni Kíkẹ́lọmọ dáhùn, "ṣùgbọ́n ẹnu kan kì í gbé ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún àgbà. Kí Babátọ́pẹ́ tó lọ, ó yà kí Bàbá Ọláníran pé ó dìgbóṣe. Mo rí i nígbà tó ń wọlé. Bí bàbá yẹn bá bi í pé ibo lẹ gbà, ṣé ó lè ní òun kò mọ̀?"

"Ọláníran tó fi eyín gé irin?"

"Irin kò tíì jẹ ẹnikẹ́ni lójú mi. Ènìyàn ni mo ti rí tó ń jẹ ènìyàn."

"Mo ti mọ Babátọ́pẹ́ ṣáájú yín," ni ó fi dá a lẹ́kun, kò sì jẹ́ kó tún sọ ọ́ mọ́ nínú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí Ìbàdàn àti èyí tó gbé wọn dé Èkó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ ìjọba, ó sọ ètò tuntun fún un. Wọn kò ní sún mọ́ géètì tó kọjú sí ọ̀sà, nítorí pàkúté ni. Géètì ńlá ni wọn yóò lọ. Òun yóò fi mẹ́dà sí àyà, yóò sì bá àwọn ṣọ́jà sọ̀rọ̀ bí ṣọ́jà sí ṣọ́jà. Kíkẹ́lọmọ gbé ẹrù rẹ̀ karí, kò sọ nǹkan kan.

Títì náà gùn, ó sì dákẹ́. Igi tó wà létí rẹ̀ tò bí ọmọ ogun. Kò sí ẹni tó ń polówó, kò sí ewúrẹ́, kò sí ọmọdé. Mọ́tò dúdú kan rọra kọjá, ojú oyìnbó kan yọ láti inú gíláàsì, ó sì lọ. Ọlábímtán ń rìn, ó ń ka àwọn ọlọ́pàá tó dúró lábẹ́ igi, ó ń wò ó bóyá èyíkéyìí ń tẹ̀lé àwọn. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò rí Kíkẹ́lọmọ.

Ó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, títì ṣófo.

Ohun tó kọ́kọ́ wọ ọkàn rẹ̀, ojú tì í láti rò ó, síbẹ̀ ó rò ó: obìnrin náà ńkọ́? Ta ló ń ṣòwò kiri tí dògarí kì í dá dúró? Ta ló ń gbèjà Babátọ́pẹ́ láti Ìyàrá dé ibí? Ó fẹ́ yí padà wá a. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kan ti rí i, ó ti ń bọ̀, ẹni tó bá sì sá ní irú ibẹ̀ ti jẹ̀bi. Ó na àyà, ó sì lọ sí géètì ńlá.

"Sájẹ́ǹtì Ọlábímtán," ni ó fi Gẹ̀ẹ́sì ogun wí, ó sì kan sálúùtù. "Mo fẹ́ rí Gómìnà."

Ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ wo mẹ́dà, ó wo àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì fun fèrè. Àwọn mẹ́rin ló dé láti mú un. Ó ju ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹni kejì fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ sì yí lójú rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi mí dáadáa, ó ti wà nínú yàrá kan tí wọ́n kùn ní funfun, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, ọmọ Yorùbá, jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ wò ó.

"Ẹ̀yin ará Ìyàrá yìí, ẹ yọ mí lẹ́nu láàárọ̀ yìí o," ni ọ̀gá náà wí. "A ti gbọ́ pé o ń bọ̀. Olóyè yín kan, Ọláníran, ló ní kí wọ́n sọ fún wa. Ó kọ́kọ́ ní Ifẹ̀-Olúkòtún lẹ ó gbà, wọ́n dúró dè yín níbẹ̀ títí, wọn kò rí yín. Adé ni wọ́n ṣèlérí fún bàbá yẹn, ṣé o mọ̀? Ó ní tí a bá rí ẹni tó lápá lẹ́rẹ̀kẹ́, ìwọ ni. Kò dárúkọ ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ níbí. Gbogbo wa wá lọ sí géètì ńlá láti dúró dè ọ́."

Ọlábímtán di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ló ń dùn ún jù.

"Ìgbà tí gbogbo wa sì ń wo ìwọ," ni ọ̀gá náà ń bá a lọ, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀, "obìnrin aláṣọ kan bá àwọn alágbàfọ̀ wọlé lẹ́yìn. Ó nà gbalaja sílẹ̀ níwájú mọ́tò akọ̀wé àgbà, ó ní àfi kí wọ́n gun òun kọjá. Ó ń sọ Yorùbá, awakọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé àgbà sì gbọ́ ọ tán. Ó ti ní kí wọ́n má gbé ọkọ rẹ̀ lọ ibì kankan títí òun yóò fi yẹ ẹjọ́ náà wò."

Ọlábímtán tẹrí ba. Ayọ̀ ni ó yẹ kó yọ̀, kò sì ráyè yọ̀, nítorí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń ti Babátọ́pẹ́ wọlé. Wọ́n ti gba bẹ́líìtì àti fìlà rẹ̀. Bàtà dídán yẹn náà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́.

"Ẹni tó ṣọ́ géètì ọ̀sà nìyí," ni ọ̀gá náà wí. "Ó ní òun ṣèèṣì ni, òun kò rí obìnrin náà láàárín àwọn alágbàfọ̀. Bó bá jẹ́ àṣìṣe, yóò pàdánù iṣẹ́, yóò ṣẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ jọ pète rẹ̀ ni, ọ̀tẹ̀ sí ìjọba nìyẹn. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ó ríjú Ọlọ́run, ohun tí akọ̀wé àgbà sì sọ, yóò gbé e mì." Ó kọjú sí Babátọ́pẹ́. "Ǹjẹ́ o mọ ọkùnrin yìí?"

Babátọ́pẹ́ wo Ọlábímtán láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni wo àlejò lójú ọjà.

"Rárá, sà. N kò rí i rí."

"Ìwọ ńkọ́? O mọ̀ ọ́n?"

Ọlábímtán gbé ojú sókè wo ọkùnrin tí òun àti ẹ̀ jọ mu omi nínú ike kan létí odò Kaladan, tí wọ́n jọ sùn nínú oparun, tí òun sì fi gbogbo ọdún wọ̀nyí ṣọ́ bí ẹni ṣọ́ olè. Ojú Babátọ́pẹ́ kò bẹ̀ ẹ́. Kò sì bínú. Ó kàn ń dúró.

"N kò mọ̀ ọ́n," ni Ọlábímtán wí. Bó ti sọ ọ́ tán, ó mọ̀ pé kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Wọ́n mú Babátọ́pẹ́ jáde lọ́nà kejì. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n ti Ọlábímtán síta. Nítorí mẹ́dà rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fi jù ú sílẹ̀, kó má tún padà wá. Kíkẹ́lọmọ ń dúró dè é létí ọ̀sà, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà níwájú aṣọ rẹ̀. Ó sáré pàdé rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì! Wọ́n ní wọn ò ní gbé e lọ mọ́! Ẹ jẹ́ kí á wá ọkọ̀, kí á tètè délé sọ fún wọn." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Babátọ́pẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ máa lọ sílé, Ìyá Martha. Ẹ gba Ìkàré. Ẹ má dé ọ̀dọ̀ Ọláníran kí ẹ tó kó gbogbo ìlú jọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó rékọjá títì, ó sì jókòó sórí òkúta kan ní òdìkejì géètì, ó na ẹ̀yìn, mẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dán láyà rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá kan fi dé bá a.

"Bàbá, dìde níbẹ̀. Wọn kì í jókòó síhìn-ín. Ta lò ń dúró dè?"

"Ẹnì kan tó wà nínú ibẹ̀."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ọlábímtán ń wo géètì náà.

"N kò mọ̀ ọ́n," ni ó wí, kò sì dìde.